Páákà Kì í Ṣe Pààká

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà àgbà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lóṣù yìí. Àkísà tí mo ń wí kì í ṣe agbádá tó gbó, kì í sì í ṣe dàńdógó tí bàbá ẹni fi sílẹ̀. Kóòtù sójà ni, kóòtù sójà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa, tí mo sì ń wọ̀ wọ igbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù. Parka ni àwọn òyìnbó ń pè é. Bí àwa bá fẹ́ fi ẹnu tiwa pè é, a ó pè é ní páákà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí à ń ṣe ní Manchester níbí, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀wù náà, bàbá kan fò dìde lórí àga, ó ní, "Pààká kẹ̀? Ṣé eégún lo fẹ́ máa gbé nílùú òyìnbó ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ sójà tí o kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́? Bó bá jẹ́ ojú ogun ló kú sí ńkọ́? Aṣọ òkú lo gbé kọ́rùn un o." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo gbọ́." Ẹ kò rí i pé èsì kọ́ nìyẹn. Ọmọlúàbí kì í bá àgbà jiyàn láwùjọ. Ẹ jẹ́ kí n wá fèsì náà síbí, ní ìrọ̀rùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní já mi lẹ́nu.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ẹ̀kọ́ gírámà ni mo ti ń fi gègé wá oúnjẹ òòjọ́, mo sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ní abúlé kan lọ́nà Ìjàyè. Nígbà tí mo dé Manchester, mo gbọ́ pé àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n máa ń lọ sun inú igbó lópin ọ̀sẹ̀. Wọn kì í pa ẹran, wọn kì í roko. Wọ́n á ta tàpólì sáàárín igi méjì, wọ́n á dáná, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ṣíbí, wọ́n á máa kọ́ ara wọn ní orúkọ igi àti ohùn ẹyẹ. Bushcraft ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ọgbọ́n igbó ni. Mo ní, háà, ọ̀rọ̀ ìròyìn rèé! Mo tọ̀ wọ́n lọ kí n lè kọ nípa wọn ránṣẹ́ sílé. Mo kọ ọ́ tán, n kò kúrò lọ́dọ̀ wọn mọ́.

Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni àgbà wọn, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá ni mo ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo àwọn yòókù ń pè é, títí kan ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Òun ló ni páákà yìí kó tó di tèmi.

IBI TÍ Ẹ̀WÙ NÁÀ TI WÁ

Kì í ṣe òyìnbó ló dá páákà sílẹ̀ o. Àwọn ẹ̀yà tó ń gbé lókè pátápátá ní àríwá ayé, níbi tí ilẹ̀ ti ń funfun fún yìnyín, àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, inú èdè àwọn Nenets ní àríwá Rọ́ṣíà ló ti wá. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbé e dé Alaska, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sẹ́nu. Awọ ẹran caribou, tó jọ àgbọ̀nrín, ni àwọn Inuit fi ń rán tiwọn. Méjì ni wọ́n ń wọ̀ léra: ti inú, irun rẹ̀ á kọjú sí ara, ti òde, irun rẹ̀ á kọjú síta. Wọ́n á rán an kó gbà wọ́n fẹ̀fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ti móoru lè jókòó sínú rẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má sì làágùn. Òógùn ni wọ́n ń sá fún jù. Ẹni tó bá làágùn nínú òtútù, omi tútù ló fi wẹ̀ yẹn.

Nígbà tí ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀ ní 1950, òtútù ọdún àkọ́kọ́ bá àwọn sójà Amẹ́ríkà lójijì. Lágbègbè adágún omi Chosin, láàárín ìparí oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ọdún náà, òtútù já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 30 Celsius lábẹ́ òdo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà ni òtútù bà lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́ jẹ́. Àwọn kan kò fi ìka ẹsẹ̀ wọn bọ̀ wálé. Ilé iṣẹ́ ológun ti ní páákà kan tí wọ́n ṣe jáde ní 1948, ẹ̀wù gidi sì ni, ṣùgbọ́n ó wọ́nwó jù láti rán fún gbogbo sójà. Ní 1951 wọ́n ṣe òmíràn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wọ́n sì ń pè é ní M-1951. Irú rẹ̀ ni èyí tó wà lọ́rùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Òwú tí wọ́n hun pinpin ni ti òde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ gbẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Ti inú nípọn, ó ní irun, bọ́tìnì ni wọ́n fi so ó mọ́ ti òde, nítorí náà bí oòrùn bá yọ, èèyàn lè yọ ọ́ ká sínú àpò. Fìlà rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó tóbi débi pé a lè dé òmíràn sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju iwájú lọ, wọ́n sì là á sí méjì bí ìrù ẹja. Okùn wà nídìí ìrù náà tí sójà fi lè dè é mọ́ itan, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Ìbọn dákẹ́ ní Kòríà ní 1953. Ẹ̀wù pọ̀ nílẹ̀ ju ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ. Ohun tí ìjọba máa ń ṣe nígbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe: wọ́n lù wọ́n ní gbàǹjo. Àwọn oníṣòwò kó wọn lówó pọ́ọ́kú, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn káàkiri, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ò rí i pé òwò òkìríkà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Mods. Afínjú ni wọ́n. Súùtù tó bá ara mu ni wọ́n ń wọ̀, Fẹ́sípà àti Lambretta ni wọ́n ń gùn. Páákà sójà ni wọ́n ń gbé wọ̀ lé súùtù náà kí ẹrẹ̀ àti epo má bàa ba á jẹ́. Ní 1964, wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Rockers jà létíkun ní Clacton, ní Margate àti ní Brighton. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀, páákà sì di aṣọ ìpáǹle lójú àwọn òbí. Bàbá wa tó jẹ́ káfíńtà ra tirẹ̀ ní 1967, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó sọ fún mi pé ìyá òun kò jẹ́ kí òun gbé e wọlé. Inú ibi tí wọ́n ń kó èédú sí lòun ń gbé e kọ́.

Ó ta Lambretta nígbà tó fẹ́ ìyàwó. Kò ta páákà. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó wọ̀ ọ́ lọ pẹja, ó wọ̀ ọ́ wọ igbó fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ní 2021, orúnkún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣì lè wa ọkọ̀ dé etí igbó, kó rọra rìn dé ìdí iná, ṣùgbọ́n ìrìn jíjìn ti tán. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi lé mi léjìká. Ó ní, "Ìwọ lo ga tó o. Má gbé e kọ́ ara ògiri o. Wọ̀ ọ́."

Mo bi í ní ìbéèrè Ìyá Ẹgbẹ́ wa: ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Ó ní nígbà tí òun rà á, ojú ìlà tí wọ́n fi ká a nílé ìkẹ́rùsí ṣì ń hàn lára rẹ̀, kò jọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni wọ̀ rí. Inú ilé ẹrù ló ti bọ́ sórí Lambretta. Ìyẹn ni ìdáhùn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ìyá wa. Ìdáhùn kejì ń bọ̀ níwájú.

ẸNI TÓ NI INÁ

Bàbá bàbá mi ní gbérí kan, ẹ̀wù ọdẹ. Dúdú ni, àpò wà lára rẹ̀ níwá lẹ́yìn, oògùn wà lára rẹ̀ tí àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kò sẹ́ni tó ń pe gbérí ní àkísà bó ti wù kó gbó tó. Bí mo ṣe wo páákà láwòfín, gbérí ni mo rí: àwọ̀ tó bá igbó mu, àpò tó gba nǹkan, aṣọ tó lè fara gba ẹ̀gún. Ohun tí kò sí lára rẹ̀ ni oògùn. Ìmọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe oògùn rẹ̀.

Nínú ìmọ̀ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi ni pé ẹ̀wù kì í mú èèyàn móoru. Mo ní, "Ẹ̀wù wá ń ṣe kí ni?" Ó ní, "Ẹ̀wù kì í dáná. Ìwọ ni iná náà. Ẹ̀wù kàn ń bá ọ ṣọ́ ọ ni." Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Oúnjẹ tí a jẹ ni igi ìdáná, ara wa ni ààrò. Bí ààrò bá ti kú, ẹ̀wù tó nípọn jù láyé, òkú iná ló ń ṣọ́.

Ìdí nìyẹn tí páákà fi jẹ́ ọ̀pọ̀ aṣọ nínú ẹyọ kan. Mo ń wọ ẹ̀wù tín-ín-rín onírun àgùntàn mọ́ ara, mo ń wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn lé e, páákà á wá dé e lórí láti dá afẹ́fẹ́ dúró. Bí mo bá ń la igi, màá yọ aṣọ inú rẹ̀ kúrò, màá ṣí ọrùn sílẹ̀, nítorí òógùn. Bí mo bá jókòó, màá so ó padà kí òtútù tó mú mi, kì í ṣe ìgbà tó bá ti mú mi tán.

Ó ní ohun mìíràn tó dára fún. Ìdí iná ni a máa ń wà, igi a sì máa ta pàrà. Ẹ̀yinná kékeré kan tó bá bọ́ sórí kóòtù náílọ́ọ̀nù, ihò ló ń dá sí i lójú ẹsẹ̀, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ara. Bó bá bọ́ sórí páákà, màá fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù, àpá dúdú bíńtín ló kù. Kì í pariwo bí náílọ́ọ̀nù, tí ẹyẹ máa ń gbọ́ láti òkèèrè. Bó bá sì ya, abẹ́rẹ́ àti òwú ti tó. Mo ka ojú àlẹ̀mọ́ mọ́kànlá lára rẹ̀. Mẹ́jọ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá, mẹ́ta jẹ́ tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kò ní ṣàìní àbùkù. Òjò ni ọ̀tá páákà. Òwú a máa mu omi. Bí òjò bá pa á fún wákàtí méjì, á wúwo bí àpò gaàrí tó bọ́ sódò, á sì lẹ̀ mọ́ra. Omi sì ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń gbà á. Àwọn onígbó ilẹ̀ òyìnbó máa ń sọ pé òwú a máa pani, òótọ́ sì ni bó bá jẹ́ òwú ló kan ara. Irun àgùntàn yàtọ̀: bó tilẹ̀ tutù, ó ṣì ń ṣọ́ iná díẹ̀. Òwú kan wà o, Ventile, tí wọ́n hun jáde láti Shirley Institute ní Manchester níbí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń já sínú òkun tútù. Bí omi bá kàn án, òwú rẹ̀ á wú, ihò rẹ̀ á dí. Páákà sójà Kòríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mi ò fi í dúró de òjò. Aṣọ òjò fífẹ̀ kan wà nínú àpò mi tí mo ń dà bò ó, tàpólì sì wà lórí wa.

ALẸ́ ỌJỌ́ KAN NÍ DERBYSHIRE

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, a wà nínú igbó kan ní Derbyshire tí ẹni tó ni ín fún wa láyè. Ọmọkùnrin kan, ọmọ Òṣogbo, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé, ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé òun fẹ́ wá. Mo ti kọ ohun tó gbọ́dọ̀ wọ̀ sórí ìwé fún un: irun àgùntàn, kì í ṣe jíìnsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ló wọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa fún wákàtí kan ààbọ̀ nínú òjò winniwinni. Nígbà tó yọ sí wa, jíìnsì ló wọ̀. Kóòtù tuntun oníhùùhù ẹyẹ ló wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tó wú bí ìrọ̀rí. Hùùhù ẹyẹ móoru púpọ̀ bó bá gbẹ. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, á lọ́ pọ̀ bí adìẹ tí òjò pa, kò sì lè ṣọ́ iná kankan mọ́.

Ó jókòó, ó ń dápàárá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́, ó dákẹ́. Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá òtútù ń mú un, ó ní rárá o, ó ti lọ. Mo wò ó, kò gbọ̀n mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ó pe Òṣogbo bí ẹni tó mu ọtí. Agogo mẹ́rin ni, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Bàbá dìde lórí orúnkún burúkú yẹn kíákíá. Àwọn dókítà sọ pé bí ooru inú ara bá já sísàlẹ̀ ìwọ̀n 35 Celsius, ewu ti wọlé. Ẹni tó bá ń gbọ̀n ṣì ń jà. Ẹni tó bá jáwọ́ gbígbọ̀n tí ara rẹ̀ kò tíì móoru, ó ń lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà lórílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, lórí òkè Cairngorm ní Scotland, ọmọ ilé ìwé márùn-ún àti ọ̀dọ́ kan tó ń tọ́ wọn sọ́nà ló kú sínú òtútù àti ìjì yìnyín.

A bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀ lábẹ́ tàpólì. Ojú ń tì í, ó ń di jíìnsì mú, mo ní, "Àbúrò, ọjọ́ ìtìjú kọ́ nìyí." A fi aṣọ gbígbẹ nù ún, a kò fọwọ́ ra ara rẹ̀. Mo wọ súwẹ́tà àti ṣòkòtò onírun àgùntàn tí mo fi ṣe àrọ́wọ́tó fún un. Mo tú aṣọ inú páákà kúrò, mo fi wé e láyà. Mo wọ páákà lé e, mo so ìrù ẹja rẹ̀ mọ́ itan rẹ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é fún àwọn sójà ogun Kòríà, mo fa fìlà bò ó lórí. A gbé e kúrò nílẹ̀, a tẹ́ ewé gbígbẹ àti ẹní sábẹ́ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tútù a máa mu ooru. A rọ omi gbígbóná sínú ìgò méjì, a fi ìbọ̀sẹ̀ wé wọn, a fi wọ́n há abíyá rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa yọ wisikí jáde. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ọtí a máa tan ara jẹ, á mú awọ móoru, á sì tú ooru inú dànù. Tíì tó dùn ṣìnkìn la fún un, nígbà tó lè gbé e mì fúnra rẹ̀.

Mo jókòó tì í. Súwẹ́tà kan àti aṣọ òjò ló kù lára mi. Mo ń sọ̀rọ̀ sí i létí ní Yorùbá, mo ń bi í ní orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má bàa sùn. Ó dárúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí. Ta ni màá pè ní Òṣogbo, kí ni màá sọ?

Ó tó nǹkan bí wákàtí kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kà-kà-kà. N kò gbọ́ ìlù tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já geere lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi." Mọ́tò Bàbá ló gbé e dé ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa lọ sílé láàárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ fún màmá rẹ̀, màmá sì pè mí lórí fóònù, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n gbàdúrà fún Bàbá, wọ́n sì gbàdúrà fún kóòtù.

Ìdáhùn mi kejì fún Ìyá Ẹgbẹ́ wa nìyí. Ogun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rán ẹ̀wù yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán an, kì í ṣe pípa èèyàn ló ń rò, bí èèyàn kò ṣe ní kú sínú òtútù ló ń rò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí láti 1951 ló ṣe ní Derbyshire. Òun nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Bí a bá fi páákà yẹn lé jíìnsì tútù lórí, tí a fi ọmọ náà jókòó sórí ilẹ̀, tí a fún un ní wisikí, aṣọ òkú gan-an ni ì bá jẹ́ lóòótọ́.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ RA Á

Ìmọ̀ràn díẹ̀ ló kù. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ènìyàn dúdú tó wọ kóòtù sójà, tó gbé àpò ńlá, tó ti inú igbó jáde lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ rò ó wò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà pé kí èèyàn máa mú ọ̀bẹ kiri ìgboro láìní ìdí gidi, àfi ọ̀bẹ kíká tí ojú rẹ̀ kò gùn ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Tèmi wà nísàlẹ̀ àpò, mo wé e, ìwé àṣẹ ẹni tó ni igbó sì wà lókè. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fàyè gba ẹni tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ní ọgbà. Ní England, kí ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ onígbó. Ẹ má sì rán aṣọ sójà sílé ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn o, òtútù Jos ì báà mú ju báyìí lọ. Òfin kò fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ aṣọ sójà, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́rùn, kì í sábà rí àyè ṣàlàyé.

Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín lọ́jà, ẹ fa síìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wo abíyá àti ojú àpò, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ béèrè aṣọ inú rẹ̀; púpọ̀ ni wọ́n ń tà láìsí i. Kó tóbi tó láti gba súwẹ́tà méjì. Ọṣẹ pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sítòsí iná gbígbóná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbé e wọ igbó kankan, ẹ wọ̀ ọ́ jókòó sẹ́yìnkùlé yín nínú òjò fún wákàtí kan, níbi tí ilẹ̀kùn ilé kò ti jìnnà. Ohun tí kò lè ṣe, ibẹ̀ ni kó ti sọ fún yín.

Ọmọ Òṣogbo wa ti ra tirẹ̀ báyìí, ó sì ní ṣòkòtò onírun àgùntàn méjì. Ó gun ejò síra, nítorí ó ti ń wo tèmi lójú. Mo ti sọ fún un pé kó ní sùúrù. Orúnkún mi ṣì le. Ó dìgbà kan ná.